Ìdodo Idà Balógun

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé idà tí wọ́n fi irin tí wọ́n ń pè ní tàìténíọ̀mù ṣe lè gé irin bí ẹni ń gé ọṣẹ, pé kì í ṣẹ́, pé kì í tẹ̀. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lọ. Ó gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Jọ̀ọ́, bá mi mú onítọ̀hún wá, kó wá máa bá mi polówó ọjà."

Ó na ọwọ́ sí ara ògiri, ó mú idà kan sọ̀ kalẹ̀, ó sì fi í rẹ́ búrẹ́dì tó wà lórí tábìlì. Búrẹ́dì náà rún wómúwómú. Kò gé.

"Ṣé o rí i? Bí mo bá pọ́n ọn títí di àmọ́dún, kò ní mú tó ọ̀bẹ tí ìyàwó mi fi ń bó àlùbọ́sà. Tàìténíọ̀mù fúyẹ́, kì í dípẹtà, bó bá tẹ̀ díẹ̀ á padà sípò. Ó tán. Ìyókù, irọ́ ni."

"Kí ni wọ́n wá ń fi í ṣe?"

"Eré orí ìtàgé. Àbí o fẹ́ kí àwọn òṣèré máa para wọn ní tòótọ́ ni?"

Ọ̀gá Fúyẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ náà kó tó rí i, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni yóò máa retí. Ọkùnrin yìí síngbọnlẹ̀, ó sì fẹ̀ débi pé ẹ̀gbẹ́ ló fi ń gba ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ ara rẹ̀ wọlé. Orúkọ náà wá láti inú ìbéèrè tó máa ń bi gbogbo ẹni tó bá gbé idà rẹ̀: "Ó fúyẹ́, àbí kò fúyẹ́?" Kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ pé kò fúyẹ́, nítorí ojú tó fi ń wò wọ́n.

Kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú idà. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe irin tí àwọn dókítà fi ń to egungun tó ṣẹ́ ló ti kọ́ tàìténíọ̀mù. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé irin náà lágídí. Bí èèyàn bá fi ìkánjú lu ihò sí i, á di ẹnu ẹ̀rọ mú, á sì dá a sí méjì. Bí èèyàn bá pẹ́ jù lójú kan, á gbóná, àwọ̀ rẹ̀ á yí padà di búlúù.

"Ìyá àgbà kan wà ní òpópónà kejì," ó wí fún mi. "Mo máa ń rí i tó ń sáré lé bọ́ọ̀sì, inú mi á dùn. Mi ò kàn lè sọ fún un ni pé, Màmá, ìtan yín yẹn, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni."

Mo bi í bóyá ó dá a lójú pé irin tirẹ̀ ló wà nínú ìtan ìyá náà.

"Kò dá mi lójú," ó ní, "ṣùgbọ́n ó ń sáré dáadáa."

Nígbà tí àwọn ilé ìwòsàn bẹ̀rẹ̀ sí í ra irin tí wọ́n ti ṣe parí láti òkèèrè, ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé. Ọ̀gá Fúyẹ́ kó àjẹkù irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fún un lọ sílé, ó tì í sábẹ́ àtẹ̀gùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ òṣèré, ló wá kí wọn lọ́jọ́ kan, tó fẹsẹ̀ kọ irin náà, tó gbé ọ̀kan sókè, tó sì ní, "Àbúrò, irin rèé tí kò wúwo! Fi ṣe idà fún àwọn ọmọ ogun wa, wọ́n ti ń ṣàròyé jù." Bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ òṣèré tó ń wá idà sọ́dọ̀ rẹ̀ kò dín kù, àwọn tó ń fi idà ṣeré ìdárayá náà sì ń wá.

Ìyàwó rẹ̀ ni ìdajì kejì iṣẹ́ ọ̀hún. Báàgì awọ ló ń rán tẹ́lẹ̀. Òun ló ń ṣe eèkù, ìyẹn igi tí ọwọ́ ń dì mú, awọ tí wọ́n wé mọ́ igi náà, àti kókó irin tó wà ní ìdí pátápátá, tó ń fa idà sẹ́yìn kó má baà dorí kodò.

Yàrá méjì ni ibi iṣẹ́ wọn. Ògiri kan ló pín in, fèrèsé kékeré kan sì wà lára ògiri náà. Kì í ṣe ìjà ló mọ ògiri yẹn. Eruku tàìténíọ̀mù lè gbiná bí ẹ̀tù, bó bá sì gbiná, omi kì í pa á, yanrìn ni wọ́n ń dà lé e. Gọ́ọ̀mù tí ìyàwó fi ń lẹ awọ náà sì ń yára gbiná bíi bẹntiróòlù. Ọkọ kì í wọ yàrá ìyàwó pẹ̀lú aṣọ eléruku, ìyàwó kì í gbé gọ́ọ̀mù wọ yàrá ọkọ. Ojú fèrèsé ni irin ń gbà kọjá. Ọkọ á fi aṣọ wé ojú idà kí gọ́ọ̀mù má baà kán sí i, á na ìrù rẹ̀, ìyẹn ibi tó ń wọnú eèkù, jáde, ìyàwó á gbà á, á de eèkù mọ́ ìrù náà. Lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì á pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti wá ìdodo.

Ìdodo ni wọ́n ń pe ibi tí idà ti lè sùn gbọọrọ lórí ìka kan láìtẹ̀ síwájú, láìtẹ̀ sẹ́yìn. Bí ìdodo bá sún mọ́ ọwọ́ jù, idà á yá, ṣùgbọ́n kò ní lórí, ìyẹn ni pé iwájú rẹ̀ kò ní wúwo tó. Ẹni tó ń jù ú á dà bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Bó bá jìnnà sí ọwọ́ jù, idà á máa wọ́ ẹni lọ bí ajá tó rí ológbò. Nítorí ìdodo yìí ni Ọ̀gá Fúyẹ́ ṣe máa ń kọ́kọ́ ya idà sórí páálí, tó ń gé páálí náà, tó ń lẹ amọ̀ mọ́ ọn níbi tí irin yóò ti nípọn, tó sì ń gbé e kọ́ ìka kó tó gé irin rárá.

Ó fọ́nnu fún mi pé bí eṣinṣin bá bà lé ṣóńṣó idà, ìka òun á mọ̀. Mo ní kó dijú. Ìyàwó rẹ̀ lẹ ègé awọ kékeré kan mọ́ idà tó wà lórí ìka rẹ̀.

"Ìdí," ni Ọ̀gá Fúyẹ́ wí.

Ṣóńṣó ni. A tún un ṣe.

"Ṣóńṣó!"

Ìyàwó rẹ̀ kò tiẹ̀ lẹ nǹkan kan lọ́tẹ̀ yìí. "Akọ̀ròyìn, kọ ọ́ sílẹ̀ o," ó ń rẹ́rìn-ín, ó di ara ògiri mú. "Kọ ọ́ gàdàgbà!"

"Ìka mi ló tutù," ni ọkọ dáhùn.

Lọ́dún yìí, ọ̀rọ̀ ìdodo di ọ̀rọ̀ ẹbí.

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá Fúyẹ́, obìnrin òṣèré yẹn, ló máa ń kó ipa balógun nínú eré ogun kan tí ẹgbẹ́ wọn ń ṣe. Ó ti kó ipa náà pẹ́ débi pé àwọn èèyàn ojú pópó gan-an ń pè é ní Balógun. Ní ìparí eré náà, lẹ́yìn tí ó bá ti ṣẹ́gun ọba ọ̀tá, yóò gbé idà sókè orí rẹ̀, yóò sì dúró gbagidi bẹ́ẹ̀ nígbà tí àwọn elégbè bá ń sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, títí aṣọ ìkélé yóò fi pa dé. Gbogbo àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ló ń lo idà tàìténíọ̀mù. Òun nìkan ni kò gbà. "Idà ọmọdé nìyẹn," ó máa ń sọ fún àbúrò rẹ̀. "Irin gidi ni tèmi."

Ṣùgbọ́n èjìká kì í gbọ́ ìgbéraga. Èjìká ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ gbé ohun tó wúwo kọjá orí mọ́. Lọ́dún tó kọjá, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n níbi tó ti gbé idà sókè, àwọn tó jókòó níwájú sì rí i. Olùdarí eré, ọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó máa ń nu dígí ojú rẹ̀ bí inú bá ń bí i, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní bí ọwọ́ bá tún gbọ̀n lọ́dún yìí, òun á gbé ipa náà fún ọ̀dọ́mọbìnrin tó ti kọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí.

Bí Balógun ṣe gba ọ̀nà ilé àbúrò rẹ̀ lọ nìyẹn. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ṣe idà ọmọdé yẹn fún mi."

Ẹnu tọkọtaya náà ni mo ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí n tó débẹ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ wọn ti takora, mo béèrè lọ́wọ́ Balógun.

Idà àkọ́kọ́ fúyẹ́ bí ìyẹ́. Ó gbé e sókè orí, ọwọ́ rẹ̀ kò mì. Inú gbogbo wọn dùn. Àmọ́ nígbà tí ìjà bẹ̀rẹ̀ níbi ìdánrawò, àwọn òṣèré yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í bo ẹnu. Idà náà kò lórí. Kò ní ìró, kò ní ipá, ó kàn ń lọ ó ń bọ̀ níwájú ojú ọba ọ̀tá. Olùdarí nu dígí rẹ̀.

"Balógun," ó ní, "ogun ni mo ní kẹ́ ẹ jà. Mi ò ní kẹ́ ẹ wá fẹ́ná."

Wọ́n padà sílé, oúnjẹ ọ̀sán wà lórí tábìlì, ìjà sì bẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bu òkèlè.

"Bàbá wọn," ni ìyàwó wí, "ṣóńṣó tí ẹ ṣe yẹn ti fẹ́lẹ́ jù. Ẹ ti ha á tán."

"Ṣóńṣó mi kò lárùn kankan. Kókó tí o fi sídìí rẹ̀ ló tóbi bí orí màlúù."

"Kókó mi?"

"Kókó rẹ ni. Òun ló ń fa gbogbo nǹkan sẹ́yìn."

"Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó fi orí idà ṣe eruku, òun ló ń bá kókó wí."

"Ìyá wọn, nínú àwa méjèèjì, ta ló mọ irin?"

"Ta ló mọ ọwọ́? Irin kì í gbé ara rẹ̀. Eèkù idà ń bẹ lọ́wọ́ mi o, ẹ rọra bá mi sọ̀rọ̀!"

Balógun tó jókòó sáàárín wọn na ọwọ́ sí ìgò omi. "Idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́," ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n jẹun."

Ohun tó burú ibẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì ló sọ òótọ́. Ṣóńṣó fẹ́lẹ́, kókó sì wúwo. Bí wọ́n bá tún ọ̀kan ṣe, ó tó. Àmọ́ láti ọ̀sán yẹn, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà mọ́. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń rán sí ara wọn nínú ilé kan náà.

"Ọkọ mi," ni ìyàwó á wí fún Balógun, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, "ẹ bá mi sọ fún àbúrò yín pé gọ́ọ̀mù ti tán."

"Ó ń gbọ́ ẹ, ìyàwó wa. Ó jókòó tì mí."

"Ẹ ṣáà bá mi sọ ọ́."

Nígbà tí ìyàwó jáde lọ ra gọ́ọ̀mù, Ọ̀gá Fúyẹ́ mú idà lọ sẹ́yìnkùlé, ó jù ú síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ń wo òjìji rẹ̀ lára ògiri. Ó ní ojú ti òun níwájú òjìji ara òun. Ṣóńṣó náà fẹ́lẹ́ ní tòótọ́. Nígbà tí ọkọ wọ ilé ìwẹ̀, ìyàwó mú idà kan náà, ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé e sókè. Ó rí i pé kókó òun ń wọ́ ọrùn ọwọ́ sẹ́yìn. Kò sí èyí tó sọ nǹkan kan. Mo bi ọkọ pé kí ló dé tí kò kàn sọ pé òun gbà. Ó wò mí bí ẹni wo ọmọ ọwọ́.

"O ò tíì láya, àbí?"

Wọ́n tú idà náà. Ọkọ ní òun fẹ́ dán ojú rẹ̀ torí iná ìtàgé, ìyàwó ní òun fẹ́ pààrọ̀ awọ eèkù. Irọ́ ni wọ́n jọ pa. Ní yàrá tirẹ̀, Ọ̀gá Fúyẹ́ gé ojú idà tuntun látinú irin mìíràn, gígùn kan náà, fífẹ̀ kan náà, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kó nípọn títí dé ṣóńṣó. Ní yàrá tirẹ̀, ìyàwó gbẹ́ inú kókó títí ó fi ṣófo bí agogo, ó fi awọ bo ẹnu ihò rẹ̀. Ojú idà gba fèrèsé kọjá, aṣọ wà lára rẹ̀, ìrù rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Ìyàwó gbà á láìwojú ẹni tó nà án. Ó de eèkù mọ́ ọn. Wọn ò pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ta ni yóò kọ́kọ́ pe ta ni?

Ìdánrawò ìkẹyìn ni mo bá wọn dé. Gbọ̀ngàn náà ń rùn fún ọ̀dà tí kò tíì gbẹ dáadáa. Ìlú ọ̀tá wà lórí ìtàgé, páálí ni wọ́n fi kọ́ ọ, pẹ̀lú ẹnubodè kan tó ga ju èèyàn lọ. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ti kọ́ ipa náà sórí jókòó ní ìlà iwájú, ètè rẹ̀ ń mì bó ṣe ń ka ọ̀rọ̀ sínú. Akoto tí Balógun ń dé sórí lọ sógun wà lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ olùdarí. Ìyàwó tú aṣọ lára idà, ó gbé e fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Ọkọ dúró sí òdìkejì gbọ̀ngàn, ó ká ọwọ́ pọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyàwó náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo rò pé wọ́n ti parí ìjà ni.

Balógun fi gbogbo agbára rẹ̀ ju idà náà, bó ṣe ti mọ́ ọn lára láti fi ju èyí tí kò lórí. Idà náà lọ, ó sì mú Balógun lọ pẹ̀lú. Ó wọ́ ọ kọjá ọba ọ̀tá, ó wọ́ ọ kọjá àwọn elégbè, ó sì kó sí ẹnubodè ìlú. Ẹnubodè wó lulẹ̀ gbàgà.

Ọkùnrin tó ń ṣe ọba ọ̀tá ká ọwọ́ méjèèjì sókè. "Mo ti túúbá o! Ẹ wò ó, mo ti túúbá, ogun ò tíì bẹ̀rẹ̀!"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, àfi ẹni mẹ́rin. Balógun jókòó sáàárín páálí, ó di èjìká rẹ̀ mú. Ọ̀gá Fúyẹ́ àti ìyàwó rẹ̀ ti ń sáré bọ̀.

"Kí lo ṣe sí kókó?"

"Kí lẹ ṣe sí ṣóńṣó?"

Ọkọ gba idà náà, ó gbé e kọ́ ìka. Ìdodo rẹ̀ ti rìn lọ débi tí ìdodo idà rere kankan kì í dé. Ó fi èékánná kan kókó, ó gbọ́ bó ṣe dún.

"O gbẹ́ inú rẹ̀."

"Ẹ fi kún orí rẹ̀."

"O gbà pé kókó tóbi?"

"Ẹ gbà pé ṣóńṣó fẹ́lẹ́?"

"Mi ò gbà. Irin díẹ̀ ni mo kàn... fi sílẹ̀."

Ìyàwó kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo ojú. Ẹ̀rín ni mo wá rí pé ó ń rín. Ọkọ gbìyànjú láti le ojú, kò lè ṣe é.

"Ẹ̀yin tọkọtaya yìí," ni Balógun wí láti ilẹ̀, "ẹ fẹ́ràn ara yín títí ẹ fẹ́ fi yọ èjìká mi."

Olùdarí kò rẹ́rìn-ín. Ó nu dígí rẹ̀, ó mú akoto, ó gbé e lé ọ̀dọ́mọbìnrin náà lọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n," ó wí fún Balógun, "mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ọ̀la la ń ṣí eré yìí."

Ìgbà náà ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu gbogbo wọn. Balógun dìde. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó kàn ní, "Ẹnubodè yín ti wó. Ẹ ó tún un ṣe kí ẹnikẹ́ni tó lè jà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún idà mi ṣe títí dìgbà yẹn." Olùdarí wo páálí tó wà nílẹ̀, ó wo idà, ó fi orí dáhùn.

Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń kan ẹnubodè lókè, tọkọtaya jókòó sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ìtàgé. Wọn ò lè dín ṣóńṣó kù níbẹ̀, nítorí iná funfun bí mànàmáná ni irin náà ń tu lábẹ́ ẹ̀rọ, aṣọ ìkélé sì wà lórí wọn. Kókó ló kù. Ìyàwó tú awọ ẹnu ihò, ó da ìṣó bàtà wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ látinú báàgì iṣẹ́ rẹ̀, ó tún un bò. Balógun gbé e, ó jù ú. Ó dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́.

"Balógun ti di olórin!" ni ọba ọ̀tá kígbe láti ẹ̀yìn ẹnubodè.

Ìyàwó tún un tú, ó ki ègé awọ sáàárín ìṣó náà kó má baà dún mọ́. Ìjà wá bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, ṣùgbọ́n ó ti yí padà.

"Fi púpọ̀ sí i," ni ọkọ wí. "Ìdodo gbọ́dọ̀ padà sí ìwọ̀n ìka mẹ́ta sí ọwọ́. Ìwọ lo sọ pé ó yẹ kó lórí, orí tí mo fi sí i ti pọ̀ jù."

"Rárá o, orí tí ẹ ṣe yẹn dára. Ẹ jẹ́ kó wà ní ìka márùn-ún. Kókó mi ni mo gbẹ́ jù."

"Kókó rẹ dára!"

"Ṣóńṣó yín ló dára!"

"Ẹ gbẹ́nu dákẹ́," ni Balógun wí. "Ta ló ń lọ sójú ogun nínú wa?"

Ó gba idà náà. Ó ní kí wọ́n dín ìṣó kù, wọ́n dín in. Ó ní kí wọ́n fi díẹ̀ padà. Ó ń fi idà náà ya àyíká kékeré nínú afẹ́fẹ́, bí ẹni ń ro ọbẹ̀, ó ń tẹ́tí sí èjìká ara rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan ó ṣẹ́jú, wọ́n yọ ìṣó kan. Lójijì ó dúró.

"Ibí yìí. Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́."

Mo fi ìka tèmi wọ̀n ọ́n. Kò sí ní mẹ́ta, kò sí ní márùn-ún. Ọkọ fẹ́ sọ̀rọ̀, ìyàwó fún un ní ìgbúnwọ́.

Nígbà tí wọ́n gbé ẹnubodè dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìjà láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, idà náà lọ síbi tí wọ́n rán an, ó sì padà nígbà tí wọ́n pè é. Ó ní ìró. Nígbà tó kan idà ọba ọ̀tá, ọkùnrin náà fà sẹ́yìn láìjẹ́ pé eré ni, ó sì gbàgbé ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ. Ó wó lulẹ̀ síbi tó yẹ kó wó sí. Balógun gbé ẹsẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì gbé idà sókè orí.

Àwọn elégbè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Wọ́n parí rẹ̀. Ẹni tó di okùn aṣọ ìkélé mú wo ojú olùdarí, ó ń retí àmì. Olùdarí kò ṣe àmì kankan. Ó tẹ̀ síwájú lórí àga, ó ń wo ṣóńṣó idà náà. Gbogbo wa ń wò ó. Kò sẹ́ni tó húkọ́. Ọba ọ̀tá tó wà nílẹ̀ la ojú kan, ó wo òkè, ó tún dijú.

"Olùdarí," ni Balógun wí láàárín eyín, láìmira, "ṣé ẹ ti sùn ni?"

"Mi ò sùn. Mò ń dúró kó gbọ̀n."

"Ẹ dúró dáadáa."

Ó dúró sí i. Mo wo ṣóńṣó náà títí ojú mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi. Mo lè búra pé ó mì lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ojú mi ni. Olùdarí gbé ọwọ́ sókè, aṣọ ìkélé pa dé. Kó tó dìde, ọ̀dọ́mọbìnrin náà ti ń gun àtẹ̀gùn ìtàgé pẹ̀lú akoto lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ gbà á," ó wí. "Ó tóbi jù mí lórí. Ó ti ń bò mí lójú láti àárọ̀."

Lẹ́yìn náà mo bi Balógun bóyá idà ló gbà á là, àbí ìbínú. Ó ní èjìká náà ṣì ń dùn òun, yóò sì máa dùn òun. "Ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀, idà ni mò ń ronú nípa rẹ̀ bí mo bá gbé ọwọ́ sókè. Lónìí, mo gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Mo rántí ogun." Mi ò mọ bí a ṣe ń wọn irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n ṣí eré náà, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ọ̀gá Fúyẹ́ àti ìyàwó rẹ̀ jókòó sí ìlà ẹ̀yìn, torí pé àga ẹ̀yìn nìkan ló gba ọkùnrin náà. Balógun jáde, ìjà le, ariwo ta. Ní ẹ̀gbẹ́ mi, mo ń gbọ́ ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ méjì.

"Bó bá jẹ́ ìka mẹ́ta ni, ì bá tún yá jù báyìí lọ."

"Bó bá jẹ́ márùn-ún ni, ẹnubodè ì bá ti wó lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Ìwọ lo ń sọ márùn-ún!"

"Bàbá wọn, mo ti yí ọkàn padà. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ìyá kan tó jókòó níwájú wọn yíjú padà, ó fi ìka lé ẹnu, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ dákẹ́, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn èèyàn rí Balógun wò.